Ìbú àti Òòró: Ta Ni Ó Sọ Pé Yorùbá Kò Lè Pe Ọkọ̀ Ìgbòkun Lórúkọ?

Àṣà kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń túmọ̀ ìwé ìtàn sí èdè Yorùbá, àti láàárín àwọn olùkọ́ tí ń fi èdè náà kọ́ni ní ìtàn. Bí wọ́n bá ti kan orúkọ ọkọ̀ kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe 'brig', ìbáà ṣe 'schooner', ìbáà ṣe 'barque', ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò kọ sílẹ̀: ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tí ó ní òpó kan di ọkọ̀ ojú omi. Èyí tí ó ní òpó mẹ́ta di ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrú sá lọ àti ọkọ̀ ọba tí ó ń lé e, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì ti wà nílẹ̀. Wọn á ní Yorùbá kì í ṣe ará òkun, èdè wọn kò sì ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èsì yìí kò tọ̀nà. Ọ̀lẹ ni ó bí i, kì í ṣe ìwádìí. Èdè Yorùbá ní ohun tí ó tó láti fi pe ọkọ̀ ìgbòkun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí yóò yé ọmọ ilé-ìwé ní kíákíá. Ní ibòmíràn pàápàá, orúkọ tí Yorùbá lè fún un ṣe kedere ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tí ó ń sọnù nígbà tí wọ́n bá fi orúkọ kan pe gbogbo wọn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Apá kan nínú ìtàn àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ni.

KÍ NI Ó Ń FÚN ỌKỌ̀ NÍ ORÚKỌ?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òpó àti ìgbòkun ni àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún ń wò kí wọ́n tó pe ọkọ̀ lórúkọ. Wọn kì í wo bí ó ti tóbi tó. Wọn kì í sì í wo ẹrù tí ó kó. Òpó mélòó ni ó dúró lórí rẹ̀? Irú ìgbòkun wo ni ó wà lára òpó kọ̀ọ̀kan? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè méjì yìí ti mọ orúkọ ọkọ̀ náà, kódà bí ó bá rí i láti ọ̀nà jíjìn.

Oríṣi ìgbòkun méjì ni ó ṣe kókó. Ti àkọ́kọ́ rọ̀ láti ara igi gbọọrọ tí wọ́n fi dábùú òpó, ó sì na apá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ òsì. Ti ìkejì tẹ̀lé gígùn ọkọ̀: etí rẹ̀ kan so mọ́ òpó tàbí mọ́ okùn, ìyókù rẹ̀ sì na sí ẹ̀yìn, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n so mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ a máa ṣiṣẹ́ gan-an nígbà tí atẹ́gùn bá ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, ìdí sì nìyí tí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń la òkun já fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ń bọ̀ láti iwájú, ti ìkejì ni ó mókè. Àwọn atukọ̀ pín ojú kọ́ńpáàsì sí ọ̀nà 32. Ọkọ̀ tí ìgbòkun rẹ̀ dábùú kò lè súnmọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá ju nǹkan bí ọ̀nà 6 lọ. Èyí tí ìgbòkun rẹ̀ tẹ̀lé gígùn rẹ̀ lè súnmọ́ ọn tó ọ̀nà 4 tàbí 5. Ìyàtọ̀ yìí lè dàbí ohun tí kò tó nǹkan létí ẹni tí ó jókòó nínú iyàrá ìkàwé. Lórí òkun, òun ni ó ń pààlà sáàárín ẹni tí yóò bọ́ àti ẹni tí ọwọ́ yóò tẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì pe ìgbòkun àkọ́kọ́ ní 'square', bí ẹni pé igun mẹ́rin tí ó ní ni ó ṣe pàtàkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìgbòkun tí ó tẹ̀lé gígùn ọkọ̀ náà ní igun mẹ́rin. Ọ̀nà tí ìgbòkun gbà dúró lára ọkọ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì sọ èyí rárá. Ẹ wá wo Yorùbá. Ọmọ tí ó ń kọ́ bí wọ́n ti ń wọn yàrá ti mọ ìbú, ó sì ti mọ òòró. Ìgbòkun ìbú ni èyí tí ó dábùú ọkọ̀. Ìgbòkun òòró ni èyí tí ó tẹ̀lé gígùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé ni, láìsí àlàyé mìíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sáà má gbàgbé àmì ohùn: ìbú tí ó jẹ́ fífẹ̀ nǹkan kì í ṣe ibú tí ó jẹ́ jíjìn omi.

OHUN TÍ Ó TI WÀ NÍLẸ̀

Àwọn tí ń sọ pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí Bíbélì wọn. Nígbà tí odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní ọdún 1884, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́, ìtàn ọkọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ kò sì sá fún un. Òpó ọkọ̀, ìgbòkun, ìtọ́kọ̀, ìdákọ̀ró: gbogbo wọn wà nínú Bíbélì Yorùbá tí àwọn ènìyàn ń kà lónìí. Kò sí èyí tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó ṣòro fún ìyá arúgbó tí ó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọ́. Bákan náà ni àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn tí ń gbé etí ọ̀sà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn bí wọ́n ti ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n èdè yìí. Ẹni tí yóò to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ni ó wọ́n.

Ẹni tí ó bá ní òpó, tí ó ní ìgbòkun, tí ó sì ní ìbú àti òòró, ti ní gbogbo ohun èlò tí ó fẹ́. Bí ẹni tí ó ní ìwé ti ń jẹ́ oníwèé, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó ní ìgbòkun ìbú lè jẹ́ oníbùú, tí èyí tí ó ní ìgbòkun òòró yóò sì jẹ́ olóòró. Kí wọ́n wá ka iye òpó, kí wọ́n sì máa kà á láti iwájú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Ọkọ̀ olópòó méjì tí ó ní ìgbòkun ìbú lórí méjèèjì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'brig', di ọkọ̀ oníbùú méjì. Èyí tí ó ní ìbú lórí òpó iwájú, tí ó sì ní òòró lórí òpó ẹ̀yìn, tí ó jẹ́ 'brigantine', di ọkọ̀ oníbùú kan olóòró kan. 'Schooner' olópòó méjì di ọkọ̀ olóòró méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn nínú wọn a máa ta ìgbòkun ìbú kékeré sí òkè òpó iwájú. 'Barque' olópòó mẹ́ta di ọkọ̀ oníbùú méjì olóòró kan. 'Barquentine' olópòó mẹ́ta di ọkọ̀ oníbùú kan olóòró méjì.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ni ó sì yẹ kí ó dójú ti àwọn tí ń kọ 'ọkọ̀ ojú omi' sí ibi gbogbo. Nínú èdè àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, 'ship' fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, kì í ṣe orúkọ gbogbo ọkọ̀. Orúkọ ọkọ̀ tí ó ní òpó mẹ́ta ni, tí ìgbòkun ìbú sì wà lórí gbogbo wọn. Ọkọ̀ oníbùú mẹ́ta ni. Nígbà náà, ẹni tí ó rí 'ship' nínú ìwé atukọ̀ ọdún 1820, tí ó sì kọ 'ọkọ̀ ojú omi', ti sọ nǹkan nù láìmọ̀ pé òun sọ ọ́ nù.

ÀWỌN TÍ Ń FI ÀMÌ OHÙN WỌ GẸ̀Ẹ́SÌ LÁṢỌ

Ẹgbẹ́ kejì tún wà. Àwọn wọ̀nyí gbà pé ìyàtọ̀ wà láàárín ọkọ̀ kan àti òmíràn, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára Gẹ̀ẹ́sì. Wọn á kọ 'bíríìgì', wọn á kọ 'sukúnà', wọn á fi àmì ohùn sí i lórí, wọn á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Yíyá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èdè tí ó ti gba ṣọ́ọ̀ṣì àti búrẹ́dì mọ́ra kò ní kú nítorí bíríìgì. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìró ni ọmọ náà gbà, kò gba òye. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'bíríìgì' kò mọ̀ bóyá ẹyọ òpó kan ni ó ní tàbí mẹ́wàá.

Orúkọ tí wọ́n ń yá náà kò sì dúró lójú kan nínú ilé tí wọ́n ti yá a. Ní ìṣáájú, 'brigantine' jẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń fi àjẹ̀ àti ìgbòkun wà ní òkun Mẹditaréníà. Láti ara orúkọ yìí ni wọ́n ti gé 'brig' kúrú, lẹ́yìn èyí ni àwọn méjèèjì wá pínyà, tí olúkúlùkù fi di orúkọ ètò ìgbòkun tirẹ̀. 'Barque' ti fi ìgbà kan jẹ́ orúkọ ọkọ̀ kékeré èyíkéyìí. 'Sloop' tún burú jù: lọ́dọ̀ oníṣòwò, ọkọ̀ olópòó kan onígbòkun òòró ni; lọ́dọ̀ àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun tí ó kéré sí 'frigate' ni, ìbáà ní òpó méjì, ìbáà ní mẹ́ta. Ẹni tí ó kọ 'súlúùpù' sínú ìwé ìtàn Yorùbá, èwo ni ó ní lọ́kàn nínú méjèèjì?

Kí ó lè hàn pé ètò ìgbòkun ni ó ń sọ ọkọ̀ lórúkọ, kì í ṣe ara ọkọ̀, kí wọ́n wo Beagle, ọkọ̀ tí Charles Darwin bá rin ìrìn-àjò láti ọdún 1831 títí di 1836. Nígbà tí wọ́n tì í sómi ní ọdún 1820, òpó méjì ni ó ní, 'brig' ni. Ní ọdún 1825 wọ́n fi òpó kẹta kún un, ó sì di 'barque'. Kí wọ́n tún wo Cutty Sark, tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Skọ́tilándì ní ọdún 1869, tí ó sì wà ní Greenwich ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Oníbùú mẹ́ta ni wọ́n ṣe é. Ìjì ba òpó rẹ̀ jẹ́ ní ọdún 1916, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣe ní Cape Town, 'barquentine' ni ó dà, kí ẹlòmíràn tó rà á ní ọdún 1922 tí ó sì dá a padà sí bí ó ti wà. Ara kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi Yorùbá kọ ìtàn méjì yìí, tí kò sì ní ju 'ọkọ̀ ojú omi' lọ lẹ́nu, kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ní oníbùú àti olóòró yóò sọ pé ọkọ̀ oníbùú méjì gba òpó olóòró kan kún un, gbogbo kíláàsì yóò sì rí i lójú ọkàn wọn.

Àwọn mìíràn yóò ní orúkọ wọ̀nyí ti gùn jù. Ó yani lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ yìí ń ti ẹnu ẹni tí ó ń pe ẹ̀rọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì jáde. Àpèjúwe ni Yorùbá fi ń sọ nǹkan tuntun lórúkọ, láti orí ọkọ̀ òfurufú dé orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì ti fi han gbogbo olùkọ́ pé a lè fi èdè yìí sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ gíga láìkọsẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ètò ìbú àti òòró kì í tán. Ní ọdún 1902 ni wọ́n ti ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Thomas W. Lawson sómi ní Amẹ́ríkà, 'schooner' tí ó ní òpó méje. Ní ọdún kan náà ni àwọn ará Jámánì ti Preussen sómi, òpó márùn-ún, ìgbòkun ìbú lórí gbogbo wọn. Olóòró méje àti oníbùú márùn-ún: kò sí ohun tí ó nira níbẹ̀. Àwọn tí ń wa olóòró méje náà kò tó 20, nítorí pé láti orí ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fa ìgbòkun òòró, ẹ̀rọ olóoru sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Oníbùú márùn-ún gba nǹkan bí 45, nítorí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ gun òkè lọ tú ìgbòkun ìbú, kí ó sì gun òkè lọ ká a. Orúkọ náà ti sọ irú iṣẹ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍDÌÍ Ọ̀RỌ̀

Ó ku àwíjàre kan, òun náà sì ni wọ́n gbójú lé jù: Yorùbá kì í ṣe ará òkun. Ẹni tí wọ́n fi ipá gbé gun òkun lè má jẹ́ atukọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn òkun ti di ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní etíkun Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ tí ó sì gbé e lọ sí Sàró. Ní ọdún 1839, àwọn kan lára àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Sàró ra ọkọ̀ kan tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́rú, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, wọ́n sì fi ìgbòkun rẹ̀ wá ọ̀nà ilé. Ọkọ̀ tí ó kó àwọn ènìyàn lẹ́rú ni wọ́n sọ di ọkọ̀ ìpadàbọ̀. Àwọn ènìyàn báyìí ni ẹnìkan ń sọ pé kí èdè wọn má mọ orúkọ ọkọ̀?

Ní àsìkò tí ogun ń tú ilẹ̀ Yorùbá ká, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ní Èkó àti Ouidah, ọ̀rọ̀ ìgbòkun ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò di ẹrú àti ẹni tí yóò bọ́. Àwọn akẹ́rú máa ń ra ọkọ̀ tí ó yára, wọ́n sì ń sá mọ́ àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wúwo lọ́wọ́. Ní ọdún 1827, ọkọ̀ ogun Sybille mú Henriquetta, 'brig' àwọn akẹ́rú Bùràsíìlì. Dípò kí wọ́n bà á jẹ́, àwọn ológun náà rà á ní Sàró, wọ́n sọ ọ́ ní Black Joke, wọ́n sì fi oníbùú méjì tí àwọn akẹ́rú fi ń sá lọ lé àwọn akẹ́rú. Ní oṣù kejì ọdún 1829, lẹ́yìn tí ó ti lé ọkọ̀ àwọn Sìpáníìṣì tí ń jẹ́ El Almirante ju ọjọ́ kan lọ, ó mú un, wọ́n sì bá ènìyàn 466 nínú rẹ̀. Kí ni ìtàn yìí jẹ́ bí gbogbo ọkọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ 'ọkọ̀ ojú omi'? Ọkọ̀ ojú omi lé ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú omi sì mú ọkọ̀ ojú omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kà á kò lè mọ ìdí tí àwọn ológun fi fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rú ju ti ara wọn lọ.

Kí wọ́n sì gbọ́ ti Clotilda. Ní ọdún 1860, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀, ọkọ̀ yìí kó nǹkan bí ènìyàn 110 láti Ouidah lọ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Ọ̀kan ni Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, tí ó ti agbègbè Bantè wá ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Benin lónìí, tí ó sì kú ní ọdún 1935. Ọkọ̀ olóòró méjì ni Clotilda. Ọkọ̀ olóòró kò fẹ́ atukọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ń rú òfin kò sì fẹ́ ẹlẹ́rìí púpọ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà sílẹ̀ tán, ọ̀gá ọkọ̀ náà dáná sun ún sínú odò kí ẹ̀rí má bàa sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀ náà ní ọdún 1855, akọ̀wé kan ti kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ pé 'schooner' olópòó méjì ni, pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 86, pé fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 23. Àkọsílẹ̀ yìí wà lára ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi yẹ àfọ́kù tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ wò, tí wọ́n fi lè kéde ní ọdún 2019 pé Clotilda ni wọ́n rí. Àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí ó kó wá, tí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà láti ẹnu dé ẹnu ní Africatown, wá rí ohun tí wọ́n lè nawọ́ sí. Ká ní akọ̀wé ọdún 1855 náà jẹ́ ẹni tí ó gbà pé 'ọkọ̀ ojú omi' ti tó, kí ni wọn ìbá fi dá a mọ̀ láàárín gbogbo ọkọ̀ tí ó rì sínú odò náà?

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ èdè àti olùkọ́ ìtàn ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jáwọ́ nínú ọ̀lẹ méjèèjì: ọ̀lẹ ẹni tí ó fi orúkọ kan pe ohun gbogbo, àti ọ̀lẹ ẹni tí ó fi ìró rọ́pò òye. Bí orúkọ ọkọ̀ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìwé, kí wọ́n sọ ọ́ ní ìbú àti òòró. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí ó bá fẹ́ pè é ní bíríìgì lè máa pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé òye ti ṣáájú ìró. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́la ya òpó méjì tàbí mẹ́ta sójú pátákó, kí ó ta ìgbòkun sí i lára, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ọ́ lórúkọ. Wọn yóò sọ ọ́. Ẹni tí ó bá sì ń kọ̀wé, kí ó ka òpó, kí ó wo ìgbòkun, kí ó tó pe ọkọ̀.